Wáyà Abẹ́ Táìlì

Nínú ẹ̀kọ́ òní a ó rí bí wọ́n ti í mú ilẹ̀ ilé gbóná ní ìlú olótùútù, tí wọ́n á sì tẹ́ táìlì lé e lórí. Iṣẹ́ bíríkìlà ni, iṣẹ́ iná mànàmáná sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí ju gbogbo ìyókù lọ: ohun tí a ó bò mọ́lẹ̀, kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí á tó bò ó.

Ilẹ̀ tó tutù

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Dìsẹ́ńbà títí dé oṣù Fẹ́búárì, òtútù máa ń mú gan-an. Omi á dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọyẹ́ tiwa kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester mọ ohun tí à ń wí. Ẹni tó bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ táìlì balùwẹ̀, á fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ ta.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan. Táìlì àti ẹní wà nínú yàrá kan náà. Òtútù kan náà ló ń fẹ́ sí àwọn méjèèjì. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ wa fi ń sọ pé táìlì tutù ju ẹní lọ?

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Táìlì máa ń yára gba ooru lára ẹsẹ̀ wa, ẹní kì í yára gbà á. Ooru tó ń kúrò lẹ́sẹ̀ wa ni à ń pè ní òtútù. Ṣùgbọ́n ìwà táìlì yìí tún ní àǹfààní tirẹ̀. Bí ó ti ń yára gba ooru láti òkè, bẹ́ẹ̀ náà ló ń yára gbé ooru wá sókè bí a bá fi ooru sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí táìlì fi bá ilẹ̀ gbígbóná mu ju kápẹ́ẹ̀tì lọ. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn á dá ooru dúró sí ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí a da aṣọ bo ìkòkò.

Iṣẹ́ àtijọ́ ni

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ilẹ̀ gbóná. Àwọn ará Róòmù wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, wọ́n sì jọba lé e lórí fún ohun tó ju 300 ọdún lọ. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ bí a ti í fi òpó bíríkì kúkúrú gbé ilẹ̀ ilé sókè, kí àyè lè wà lábẹ́ rẹ̀. Wọn á dáná sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ooru á sì gba abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ní ìlú tí à ń pè ní Bath, irú àwọn òpó kúkúrú bẹ́ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, àwọn èèyàn sì ń lọ wò wọ́n. Àwọn ará Kòríà náà ní irú ọgbọ́n yìí láti ìgbà pípẹ́: èéfín àti ooru iná ìdáná á gba abẹ́ yàrá kọjá kí ó tó jáde síta, ilẹ̀ tí wọ́n ń sùn lé á sì gbóná.

Lónìí, wáyà iná mànàmáná ti gba ipò igi ìdáná nínú ọ̀pọ̀ ilé. Kò sí èéfín, kò sí eérú. Ṣùgbọ́n iná náà ṣì ni iná. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, á rí ìjà rẹ̀.

Bí wáyà náà ti rí

Wáyà yìí tín-ín-rín. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò nípọn ju ìwọ̀n mìlímítà 3 sí 4 lọ. Wọ́n ti tò ó kọ́lọkọ̀lọ sórí àwọ̀n kan, wọ́n sì ká a bí ẹní. A ó máa pè é ní ẹní wáyà nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Iná tó ń gba inú wáyà kọjá dà bí èrò tó ń gba ọ̀nà tóóró lọ sí ọjà. Wọ́n ń fara gbún ara wọn, ara gbogbo wọn á gbóná. Bí ọ̀nà náà ti dí wọn lọ́wọ́ tó ni a ń fi óòmù wọ̀n. Bí iná tí wáyà ń lò ti pọ̀ tó ni a ń fi wáàtì wọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sínú ìwé yín: óòmù, wáàtì. A ó tún lò wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ẹní wáyà a máa lo 150 wáàtì lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Bí balùwẹ̀ kan bá ní àyè mítà kan níbùú àti mítà méjì lóròó tí a ó tẹ́ wáyà sí, ìṣirò rẹ̀ rèé: 150 lọ́nà 2 jẹ́ 300 wáàtì. Bí a bá tan án fún wákàtí 3, 300 lọ́nà 3 jẹ́ 900. Kò tó yúnìtì kan, nítorí pé 1000 wáàtì fún wákàtí kan ni à ń pè ní yúnìtì kan.

Kí á tó tẹ́ ẹ

Ìkíní: kí á fi tépù wọn ilẹ̀, kí á sì yà á sínú ìwé. Kí á fa ìlà sí ibi tí àwo ìwẹ̀ yóò wà, ibi tí ṣalángá olómi yóò wà, àti ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù tí a kàn mọ́lẹ̀ yóò wà. A kò gbọdọ̀ tẹ́ wáyà sí abẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ooru tí kò bá rí ọ̀nà jáde á padà sórí wáyà, á sì jó o.

Ìkejì: kí á gbá ilẹ̀ mọ́, kí ó tẹ́jú, kí ó má mì. Bí ilẹ̀ bá ń mì, táìlì á sán.

Ìkẹta: kí á tẹ́ pátákó tí kì í jẹ́ kí ooru lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ṣe é bíi fóòmù líle tí a fi símẹ́ńtì bò lójú. Ìwọ̀n mìlímítà 6 tàbí 10 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ nípọn. Bí kò bá sí pátákó yìí, ilẹ̀ pẹ́pẹ́ tó wà nísàlẹ̀ á kọ́kọ́ mu ooru náà yó kí táìlì tó rí díẹ̀ gbà. Owó iná á pọ̀, ẹsẹ̀ ò sì ní í yá gágá.

Bí a ti í tẹ́ ẹ

A ó tú ẹní wáyà sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri tí iná ti ń wá. Bí a bá kan ògiri kejì, a ó gé àwọ̀n, a ó sì yí ẹní náà padà. Ẹ gbọ́ o: àwọ̀n ni a ń gé. A kì í gé wáyà. Bí wáyà bá gùn jù, ẹ má fi abẹ kàn án rárá. Ẹní tó tóbi jù ni ẹ rà, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá gé e kúrú, ọ̀nà iná á kúrú, iná á pọ̀ jù nínú rẹ̀, á sì jóná.

Wáyà kan kò gbọdọ̀ gun ẹnìkejì rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ fara kan án. Ìwé tó bá inú páálí wá yóò sọ àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn.

Oríkèé kan wà níbi tí wáyà tó ń gbóná ti pàdé wáyà tó ń lọ sí ara ògiri. Kí oríkèé yìí wà nílẹ̀, kí símẹ́ńtì bò ó yíká. Kí á má fi í sínú ògiri, kí á má sì ká a.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri tó ń ṣọ́ ooru. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó sì ń wo bí ilẹ̀ ti gbóná tó. A ó ti ojú náà bọ inú ọ̀pá rọ́bà kékeré, a ó sì gbé e sí àárín wáyà méjì, kí ó má fara kan ọ̀kankan. Nítorí kí ni a ṣe ń lo ọ̀pá? Nítorí pé bí ojú náà bá fọ́ lọ́jọ́ kan, a lè fà á jáde kí á ti òmíràn bọ̀ ọ́, láìfọ́ táìlì kan.

Nọ́ḿbà mẹ́ta

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lára páálí tàbí lára wáyà, wọ́n kọ iye óòmù rẹ̀ sí i. Iná ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 230 fóòtì. Fún ẹní wáyà oní-300 wáàtì, iye náà á súnmọ́ 176 óòmù. Ìwé inú páálí á sọ iye tó lè fi dín tàbí lé.

Ìgbà mẹ́ta, ó kéré tán, ni a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wọn wáyà náà. Iná kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀ nígbà tí à ń wọ̀n ọ́n.

Ìgbà kìíní, nígbà tí a bá yọ ọ́ nínú páálí.
Ìgbà kejì, nígbà tí a bá ti tò ó tán sílẹ̀, kí á tó da símẹ́ńtì lé e.
Ìgbà kẹta, nígbà tí a bá ti tẹ́ táìlì tán, kí á tó dí àlàfo àárín wọn.

Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa kọ nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ḿbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bá ti ara páálí mu, ọkàn yín balẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá rí ọ̀nà kankan gbà, wáyà ti já nìyẹn. Bí nọ́ḿbà bá wálẹ̀ púpọ̀, wáyà ti kan ara wọn níbi kan. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárín wáyà tó ń gbé iná àti wáyà ilẹ̀ tó yí i ká. Àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ mọ ara wọn rárá.

Onítáìlì méjì

Ẹ jẹ́ kí á fi onítáìlì méjì ṣe àpẹẹrẹ.

Onítáìlì kìíní mọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Táìlì tó bá tẹ́ a máa gún bí okùn. Ìyá àgbà kan tí làkúrègbé ń dà láàmú ni wọ́n pè é sí ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá ti dá owó jọ kí ẹsẹ̀ ìyá wọn lè mọ́ ooru díẹ̀. Wọ́n fi ìwé inú páálí lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Ó ká a pọ̀, ó fi í sábẹ́ garawa. Ó ní, “Mo ti ń tẹ́ táìlì kí ẹni tó kọ ìwé yìí tó dáyé!” Ó wọn wáyà lẹ́ẹ̀kan nínú páálí, ó parí. Irin eléyín tó fi ń tẹ́ símẹ́ńtì gé wáyà níbi kan, kò sì mọ̀. Táìlì tẹ́, ó dán, ó wu ojú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n tan iná. Ilẹ̀ tutù bíi òkúta inú odò.

Kí ni wọ́n ṣe? Òòlù ni. Táìlì tuntun, símẹ́ńtì tuntun, ẹní wáyà tuntun, gbogbo rẹ̀ di àfọ́kù. Owó àwọn ọmọ ìyá wọlẹ̀. Ìyá sì tún lo òtútù ọdún náà tán pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́sẹ̀.

Onítáìlì kejì kò mọ iṣẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ iṣẹ́ kan tó mọ nọ́ḿbà kà, ó sì fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tẹ́ ìlà táìlì kan tán, ọmọ náà á wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́ sílẹ̀. 176. 176. 175. Lẹ́yìn ìlà kẹrin ó pariwo.

“Ọ̀gá, ẹ dúró o! Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan mọ́.”

“Ṣé o dì í mú dáadáa?”

“Mo dì í mú, ọ̀gá. Mo ti tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ó dáa. Má fi táìlì kan kún un. Bá mi ṣí ìlà kẹrin kí símẹ́ńtì tó gan.”

Wọ́n ṣí táìlì márùn-ún péré. Wọ́n rí ojú ibi tí wáyà ti já. Wọ́n ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná, ó fi oríkèé tí àwọn tó ṣe wáyà náà fọwọ́ sí so ó, wọ́n wọ̀n ọ́n, nọ́ḿbà padà bọ̀ sípò. Wọ́n sì tẹ́ táìlì wọn padà. Ìdajì ọjọ́ kan ni wọ́n pàdánù.

Kí ló fi ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Kì í ṣe agbára, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìwé àti bírò ni. Wáyà já lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, nítorí pé kò sí ọlọ́wọ́ tí kì í ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan mọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì rọ̀, ẹnìkejì mọ̀ nígbà tó ti gan.

Símẹ́ńtì àti sùúrù

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé abẹ́ òrùlé páànù, ẹ ti gbọ́ bí ó ti ń dún kòkò bí oòrùn bá mú. Ooru ló ń jẹ́ kí ó fẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á tún sún kì. Táìlì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò rí i. Nítorí náà, símẹ́ńtì tí a ó fi lẹ táìlì sórí wáyà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó lè fà díẹ̀ kí ó má sán. Wọ́n á kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ pé ó yẹ fún ilẹ̀ gbígbóná. Bákan náà ni èyí tí a ó fi dí àlàfo. Kí á sì fi àyè sílẹ̀ láàárín táìlì àti ògiri yíká, kí á fi gọ́ọ̀mù tó rọ̀ bíi rọ́bà dí i.

Kí símẹ́ńtì kún abẹ́ táìlì dáadáa. Ibi tó bá ṣófo lábẹ́ rẹ̀, ooru kì í gba ibẹ̀ kọjá dáadáa, wáyà á sì gbóná jù níbẹ̀. Irin eléyín tí a fi ń tẹ́ símẹ́ńtì lè gé wáyà. Èyí tí a fi rọ́bà líle ṣe ló sàn jù.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ojú á máa kán wa láti tan iná wò. Ẹ má tàn án! Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ búlọ́ọ̀kù rí, ẹ mọ̀ pé a máa ń wọ́n omi sí i lẹ́yìn tí a bá mọ ọ́n tán. Símẹ́ńtì ń lo omi inú rẹ̀ láti fi gan. Bí ooru bá lé omi náà jáde kíákíá, símẹ́ńtì á sán, kò sì ní í di táìlì mú. Ó kéré tán, kí á dúró fún ọjọ́ 7. Bí ìwé bá ní kí á dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí á tẹ̀lé ìwé. Lẹ́yìn náà, kí á mú ooru sókè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ta ni yóò so iná?

Onítáìlì lè tẹ́ wáyà. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ tó sì gba ìwé ẹ̀rí ni kí ó so ó mọ́ iná ilé. Balùwẹ̀ ni ibi tí à ń wí yìí. Omi wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán wà níbẹ̀. Omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Súìṣì pàtàkì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò pa iná lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ń jò. Ní Ẹ́ńgílándì, òfin ilé kíkọ́ ti mú irú iṣẹ́ iná inú ilé báyìí láti ọdún 2005.

Kí a tó kó irinṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí á ya àwòrán ibi tí wáyà gbà lọ, kí á kọ nọ́ḿbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, kí á sì fi í fún onílé. Lọ́jọ́ iwájú, bí ẹnì kan bá fẹ́ lu ihò sílẹ̀ láti de nǹkan mọ́ ọn, àwòrán náà ni yóò sọ fún un pé, “Má lu ibí o, wáyà wà nísàlẹ̀.” Àwa lè ti lọ sílé wa, ìwé wa á ṣì máa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, bóyá ẹ kò ní í tẹ́ wáyà sí abẹ́ táìlì láé. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ri ọ̀pá omi mọ́lẹ̀ ń bo nǹkan. Ẹni tó ń rẹ́ ògiri lórí wáyà iná ń bo nǹkan. Kí á wò ó, kí á wọ̀n ọ́n, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí á tó bò ó.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí táìlì fi ń tutù lẹ́sẹ̀ ju ẹní lọ?
2. Kí ni a lè gé lára ẹní wáyà? Kí ni a kò gbọdọ̀ gé?
3. Ìgbà mẹ́ta wo ni a gbọ́dọ̀ wọn wáyà?
4. Kí ló dé tí onítáìlì kejì kò fi ní láti fọ́ gbogbo ilẹ̀?
5. Balùwẹ̀ kan ní àyè mítà 2 níbùú, mítà 2 lóròó, tí a tẹ́ wáyà oní-150 wáàtì sí. Wáàtì mélòó ni gbogbo rẹ̀? Bí a bá tan án fún wákàtí 5, yúnìtì mélòó ni a lò?
6. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun kan tí ẹ ti bò mọ́lẹ̀ rí, tí ẹ kì bá ti kọ́kọ́ yẹ̀ wò.